Owó Oṣù Awakọ̀ Òfurufú: Ọkọ̀ Ni Wọ́n Wò, Wọn Kò Wo Ọjà

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí jẹ mọ́ owó oṣù. Ẹ lè sọ pé: "Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àgbẹ̀ ni wá, oníṣòwò ni wá. Oṣù kì í parí kí ẹnikẹ́ni pè wá wá gba owó." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ìbátan kan tí ń gba owó oṣù ní Kùtọnù, ní Lomé, ní Èkó tàbí ní òkè òkun? Nígbà tí a bá gbọ́ iye tí ó ń gbà, ẹnu a máa yà wá. Ọjà ìlú wa ni a fi ń díwọ̀n owó rẹ̀. A ó ní: "Owó yìí tó fi kọ́lé láàárín ọdún méjì. Kí ló dé tí kò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀?" Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. Ìyá bínú, ọmọ bínú, ẹni tí ó wà láàárín kò sì mọ ẹni tí òun yóò dá láre.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí á jọ wo ìtàn owó oṣù. A ó fi awakọ̀ òfurufú ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tí ń wa bàálù. Nínú gbogbo ẹni tí ń gba owó oṣù, òun ni a rò pé ìyà kò lè jẹ láé. Bí a bá rí i pé owó tirẹ̀ náà ń kéré ní ibì kan, tí ó ń pọ̀ ní ibòmíràn, a ó mọ ohun tí ó yẹ kí á rò nípa owó àwọn ọmọ wa.

Ẹ mú gègé, ẹ jẹ́ kí á ṣírò

Ká ní ìbejì kan wà, Táyé àti Kẹ́hìndé. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, iye kan náà ni wọ́n sì ń gbà: 100,000 fáráǹkì sẹ́fà lóṣù. Táyé wà nílé ní Kétu. Kẹ́hìndé wà ní Kùtọnù.

Kẹ́hìndé san owó ilé 25,000. Ó san owó zémìjàn àti ọkọ̀ 15,000. Oúnjẹ gba 40,000, nítorí pé gbogbo ohun tí ó ń jẹ ni ó ń fi owó rà, títí dé orí ata àti igi ìdáná. Omi àti iná gba 10,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: 90,000. Ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ 10,000.

Táyé ń gbé ilé bàbá rẹ̀, kò san owó ilé. Ọkọ̀ gba 3,000. Iṣu àti àgbàdo ń ti oko wá, nítorí náà oúnjẹ kò ju 25,000 lọ. Omi àti iná gba 4,000. Ẹ ro ó pọ̀: 32,000. Ohun tí ó kù jẹ́ 68,000.

Àpẹẹrẹ lásán ni iye wọ̀nyí, kí á lè rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Owó kan náà ni wọ́n kọ sí ìwé àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tí Táyé lè fi ṣe nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje ti Kẹ́hìndé. Àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Iye tí a kọ sí ìwé ni ẹ̀fà. Owó ilé, owó ọkọ̀, owó omi àti owó oúnjẹ ni ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ díwọ̀n owó awakọ̀

Ẹ jẹ́ kí á lọ sí Amẹ́ríkà, nítorí pé níbẹ̀ ni wọ́n ti jà gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1918 ni ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òfurufú gbé lẹ́tà. Iṣẹ́ ikú ni iṣẹ́ náà nígbà yẹn. Ọkọ̀ kò lágbára, kò sí ohun tí ń fi ọ̀nà han awakọ̀ nínú kùrukùru, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó sì kú lẹ́nu rẹ̀. Nítorí ewu yìí, wọ́n ń san owó fún wọn gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí wọ́n rìn ṣe jìn tó, wọ́n sì ń fi kún un fún ẹni tí ó bá fò lóru.

Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yára sí i, àwọn tí ó ni ilé iṣẹ́ fẹ́ yí ìdíwọ̀n náà padà. Wọ́n fẹ́ máa san owó wákàtí nìkan. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń yára, awakọ̀ yóò gbé èrò púpọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn láàárín wákàtí kan, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ní ọdún 1931 àwọn awakọ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, David Behncke ni olórí wọn. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé iwájú àwọn tí ìjọba yàn láti máa parí ìjà àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1934 ni ìdájọ́ dé. Wọ́n ní kí á máa wo ọdún tí awakọ̀ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, kí á wo wákàtí tí ó fò, kí á wo bí ọkọ̀ ṣe ń yára tó, kí á wo bí ó ṣe rìn jìnnà tó, kí á sì wò ó bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Wọ́n tún ní awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ fò ju wákàtí 85 lọ lóṣù kan. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ìwúwo ọkọ̀ kún un: ẹni tí ó bá ń wa ọkọ̀ ńlá yóò gbà ju ẹni tí ń wa ọkọ̀ kékeré lọ.

Ìdájọ́ rere ni. Ó dáàbò bo àwọn awakọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sílẹ̀ kí ẹ wo ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo aago, wọ́n wo ọ̀nà. Wọn kò wo ọjà. Wọn kò béèrè pé: ní ìlú wo ni awakọ̀ yìí ti ń san owó ilé? Èló ni wọ́n ń ta búrẹ́dì níbẹ̀? Nígbà náà owó awakọ̀ pọ̀ débi pé ìbéèrè yẹn kò ṣe pàtàkì. Ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò ṣe pàtàkì.

Ní ilẹ̀ tiwa: owó àfikún fún ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀

Ẹ má ṣe rò pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ìlú yàtọ̀ sí ìlú. Ìjọba Faransé mọ̀ ọ́n dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Òyìnbó tí wọ́n bá rán láti ilẹ̀ Faransé wá sí Dàhòmì, wọ́n ń fi owó kún owó oṣù rẹ̀ nítorí pé ó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n tún ní owó àfikún kan tí wọ́n ń san gẹ́gẹ́ bí agbègbè tí òṣìṣẹ́ wà, nítorí pé nǹkan wọ́n ní ibì kan ju ibòmíràn lọ.

Ìmọ̀ náà dára. Bí wọ́n ṣe lò ó ni kò dára. Ọ̀pọ̀ ọmọ Dàhòmì tí ó mọ̀wé ni wọ́n rán lọ ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Niamey, ní Abidjan, ní Dakar. Àwọn náà fi ilé sílẹ̀. Àwọn náà san owó ilé ní ìlú àjèjì. Àwọn náà ra oúnjẹ ní ọjà tí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àfikún tí òyìnbó ń gbà kò kàn wọ́n, bí ẹni pé ilé ènìyàn dúdú kì í jìnnà.

Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn ogun ńlá tí ó parí ní 1945, ohun gbogbo gbówó lórí. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso dá iṣẹ́ sílẹ̀. Iye wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Àwọn ti Dàhòmì wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ jù ni pé kí ìlànà kan ṣoṣo wà fún òṣìṣẹ́ dúdú àti funfun. Owó àfikún agbègbè yìí wà lára ohun tí wọ́n jà lé lórí. Ní àwọn ibi tí ó pẹ́ jù, ó di oṣù kẹta ọdún 1948 kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù kò wọlé fún oṣù márùn-ún. Àwọn ìyàwó wọn ni ó ń tajà kí ilé lè jẹun, àwọn ará abúlé sì ń gbé oúnjẹ wá. Ẹ wò ó bí oko ṣe gbé owó oṣù ró, àní nígbà yẹn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1950, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris fọwọ́ sí òfin tí Lamine Guèye, ọmọ Senegal, gbé síwájú wọn. Òfin náà sọ pé kí á máa wo òṣìṣẹ́ ìjọba dúdú àti funfun bákan náà lórí owó oṣù, àfikún àti owó ọmọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè náà ti wọ inú òfin: ibi tí òṣìṣẹ́ wà àti iye ẹnu tí ń jẹun nídìí rẹ̀ jẹ́ ara ohun tí ó yẹ kí á wò.

Air Afrique: ilé iṣẹ́ kan, ọjà púpọ̀

Lẹ́yìn tí a gba òmìnira ní 1960, àwọn ìjọba tuntun fẹ́ ní ọkọ̀ òfurufú tiwọn. Kò sí èyí tí ó lágbára tó láti dá a ṣe. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1961, ní ìlú Yaoundé, orílẹ̀-èdè 11 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò jọ ní ilé iṣẹ́ kan. Dàhòmì wà nínú wọn. Tógò dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Air Afrique ni orúkọ rẹ̀, ìlú Abidjan sì ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òyìnbó Faransé ni ó pọ̀ jù nínú awakọ̀ rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ọmọ Áfíríkà kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí iwájú ọkọ̀.

Ẹ wo bí ọjà ṣe yàtọ̀ lábẹ́ ilé iṣẹ́ kan yìí. Owó kan náà ni Dàhòmì àti Nìjẹ̀ ń ná, sẹ́fà. Ṣùgbọ́n Nìjẹ̀ kò ní òkun. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọjà tí ó ń lọ sí Niamey máa ń gúnlẹ̀ ní Kùtọnù, wọn a gbé e sínú ọkọ̀ ojú irin, yóò gba Ìdáìṣà àti Ṣábẹ kọjá títí dé Parakou, kìlómítà 438. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù yóò ti gbà á, tí yóò gbé e la ilẹ̀ kọjá dé Nìjẹ̀. Ẹ̀yin àgbà Ṣábẹ tí ẹ ti rí ọkọ̀ ojú irin náà tí ń kọjá, ẹ mọ̀ pé gbogbo ibùsọ̀ ni ó ń jẹ owó. Àpò ìrẹsì tí ó gúnlẹ̀ ní Kùtọnù kò lè jẹ́ iye kan náà nígbà tí ó bá dé Niamey. Fáráǹkì kan náà, àwòrán kan náà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó rà ní etí òkun kò lè rà á ní ilẹ̀ òkè.

Ọjọ́ tí ọjà tọ awakọ̀ wá sílé

Títí dé ibí yìí, ohun tí a ń sọ ni pé bí ènìyàn bá kúrò ní ìlú kan lọ sí òmíràn, owó rẹ̀ yóò yí padà. Ṣùgbọ́n ó lè jókòó sójú kan kí owó rẹ̀ yí padà.

Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1945 ni Faransé dá owó sẹ́fà sílẹ̀. Láti ọdún 1948 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994, agbára rẹ̀ sí owó Faransé kò yí padà. Ní 1960, nígbà tí Faransé ṣe fáráǹkì tuntun, a bẹ̀rẹ̀ sí kà á pé 50 sẹ́fà ni fáráǹkì Faransé kan. Ọmọ tí wọ́n bí ní 1948 ti di ẹni ọdún 45, kò sì rí i rí kí ó yí padà.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kìíní ọdún 1994, àwọn olórí orílẹ̀-èdè tí ń ná sẹ́fà pàdé ní Dakar. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, fáráǹkì Faransé kan ti di 100 sẹ́fà. Wọ́n bu owó náà sí méjì, wọ́n mú ìdajì kúrò.

Ẹ tún mú gègé. Ohun èlò ọkọ̀ kan tí iye rẹ̀ jẹ́ 1,000 fáráǹkì ní ilẹ̀ Faransé, 50,000 sẹ́fà ni a fi ń rà á ní oṣù kejìlá ọdún 1993. Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 1994, ó di 100,000. Oògùn, ìwé ọmọ iléèwé, ìrẹsì, epo, gbogbo ohun tí ó gba òkun wá gbówó lórí. Ní Benin, láàárín ọdún 1994 nìkan, ọ̀wọ́n ọjà lápapọ̀ fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Owó oṣù kò lọ sókè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo awakọ̀ Air Afrique tí ń gba sẹ́fà, tí ọmọ rẹ̀ sì ń kàwé ní Faransé. Kò kúrò níbi tí ó wà. Kò dẹ́ṣẹ̀. Ọkọ̀ kan náà ni ó ń wà, ọ̀nà kan náà ni ó ń tọ̀. Ṣùgbọ́n owó iléèwé ọmọ rẹ̀ di ìlọ́po méjì lójú oorun. Ẹnìkejì rẹ̀ tí kò ní ẹnikẹ́ni ní òkè òkun, tí ó ń jẹ iṣu àti gàrí, kò fara pa tó o.

Ilé iṣẹ́ náà fara pa jù wọ́n lọ. Ó ti ra ọkọ̀ ńláńlá ní àwìn, owó òkè òkun ni ó sì fi jẹ gbèsè náà. Epo ọkọ̀ òfurufú, dọ́là ni wọ́n fi ń tà á. Sẹ́fà ni ọ̀pọ̀ èrò fi ń ra ìwé ọkọ̀. Owó tí ń wọlé dúró, owó tí ń jáde di ìlọ́po méjì. Èyí nìkan kọ́ ni ó pa á. Àṣìṣe àwọn tí ń darí rẹ̀ àti ìwé ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí àwọn ènìyàn ńlá ń gbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kí ó tó dìde lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọdún 2002 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa pátápátá. Àwọn awakọ̀ tí ó mọ iṣẹ́ di ẹni tí ń wá ọ̀gá tuntun kiri.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ná ọjà Ìlárá àti Ìgólò, ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí á tó sọ ọ́. Ẹ kì í kúrò nílé láàárọ̀ láì béèrè pé: "Èló ni náírà sí sẹ́fà lónìí?" Ọgbọ́n yẹn gan-an ni a ń wí.

Newark: ìlú tí owó kò tó gbé

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Amẹ́ríkà. Títí di 1978, ìjọba ni ó ń pinnu iye tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú yóò gbà lọ́wọ́ èrò àti ọ̀nà tí ó lè tọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún náà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin tí ó mú ọwọ́ ìjọba kúrò. Owó ọkọ̀ wálẹ̀, èrò pọ̀ sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí gbé iṣẹ́ ọ̀nà kúkúrú fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tí ń san owó díẹ̀. Ẹ rántí ìdíwọ̀n àtijọ́: ọkọ̀ kékeré, owó kékeré, ẹni tuntun, owó kékeré. Ẹni tí ó jẹ́ tuntun nínú ọkọ̀ kékeré, owó rẹ̀ kéré lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé iṣẹ́ ni ó ń pinnu ìlú tí awakọ̀ yóò ti máa gbéra, ẹni tí ó pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni ó sì ń kọ́kọ́ yàn. Ẹni tuntun ń gba ohun tí ó kù. Iye kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tí ó ń gbéra láti ìlú kékeré tí ilé pọ̀, àti ẹni tí ó ń gbéra láti Newark, tí ó sún mọ́ New York, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ilé wọ́n jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò gbé ìlú iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń gbé ibi tí owó wọn tó gbé, wọ́n sì ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ síbi iṣẹ́. Àwọn mìíràn ń dá owó jọ gba yàrá kan nítòsí pápá ọkọ̀, ènìyàn mẹ́fà, mẹ́jọ, wọn a máa sùn níbẹ̀ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 2009, ọkọ̀ òfurufú ilé iṣẹ́ kékeré kan, Colgan Air, gbéra láti Newark lọ sí Buffalo. Ó já lulẹ̀ sórí ilé kan nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé. Ènìyàn 49 tí ó wà nínú rẹ̀ kú, ẹnì kan nínú ilé náà sì kú. Gbogbo wọn jẹ́ 50.

Nígbà tí ìjọba ṣe ìwádìí, ohun tí ó jáde ya gbogbo ayé lẹ́nu. Igbákejì awakọ̀ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ẹni ọdún 24, kò gba tó 25,000 dọ́là lọ́dún. Lójú wa níhìn-ín, owó ńlá ni. Ní Newark, kò tó fi gba ilé kí ènìyàn sì jẹun. Nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ nítòsí Seattle ni ó ń gbé, ní òdìkejì Amẹ́ríkà, nǹkan bí kìlómítà 3,900 sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ní òru tí ó ṣáájú, ó wọ ọkọ̀ tí ń kó ẹrù, ó sọ̀kalẹ̀ ní Memphis, ó wọ òmíràn, ó dé Newark ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Kò ní yàrá níbẹ̀. Orí àga nínú yàrá òṣìṣẹ́ ni ó ti sinmi kí ó tó wọ ọkọ̀ ní alẹ́. Òtútù tún mú un. Ọ̀gá awakọ̀ náà kò ní ilé ní Newark. Ìpínlẹ̀ Florida ni ilé tirẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òdodo. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí kò sọ pé owó kékeré ni ó já ọkọ̀ náà lulẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2010 sọ pé nígbà tí ọkọ̀ kìlọ̀ pé eré òun ti kéré jù, ọ̀gá awakọ̀ ṣe òdìkejì ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Wọ́n ní ó jọ pé àárẹ̀ ti mú àwọn awakọ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn kò lè sọ bí ó ti kó bá iṣẹ́ wọn tó. Síbẹ̀, ìbéèrè tí kò sí nínú ìdájọ́ ọdún 1934 ti jókòó sí àárín ilé ẹjọ́ báyìí: ní ìlú wo ni awakọ̀ yìí ti ń san owó ilé?

Àwọn ẹbí àwọn tí ó kú kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, òfin tuntun jáde. Láti 2013, ẹni tí yóò jẹ́ igbákejì awakọ̀ nínú ọkọ̀ èrò gbọ́dọ̀ ti fò tó wákàtí 1,500, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n dín in kù fún nítorí ibi tí wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́. Láti 2014, awakọ̀ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 10 ìsinmi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní 2022, nígbà tí awakọ̀ ṣọ̀wọ́n, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké náà fi owó ńlá kún owó àwọn ẹni tuntun. Òfin pàṣẹ ìsinmi; ọ̀wọ́n awakọ̀ ni ó mú owó gòkè. Kò sí èyí tí ó pàṣẹ pé kí á wo ọjà ìlú.

Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀

Ẹ̀yin ará, bí owó awakọ̀ òfurufú bá lè kéré jù fún ìlú kan, mélòó mélòó ni ti olùkọ́, ti nọ́ọ̀sì, ti ọmọ tí ń ṣọ́ ilé ní Kùtọnù? Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kí á tó sọ pé owó ọmọ pọ̀, ẹ jẹ́ kí á béèrè ohun mẹ́rin.

Èkíní: ìlú wo ni ó ń gbé, èló sì ni ilé níbẹ̀? Èkejì: owó orílẹ̀-èdè wo ni wọ́n ń san fún un, owó wo ni òun sì ń ná? Ẹ̀kẹta: báwo ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe jìnnà sí ibi tí ó ń sùn? Ẹ̀kẹrin: ẹnu mélòó ni ó ń jẹun nídìí rẹ̀ níbẹ̀, kí ó tó kan àwa tí a wà nílé?

A kò sọ pé kí ọmọ tí ó rí owó má ránṣẹ́ sílé o. Ẹni tí ó ní, tí ó sì fi ìlú bojú, ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Ìwọ ọmọ tí o wà ní ìlú ńlá, iṣẹ́ tìrẹ náà wà níbẹ̀. Má ṣe dákẹ́ kí àwọn ará ilé máa fi ọjà Kétu díwọ̀n owó Kùtọnù. Kọ ọ́ sínú ìwé: ohun tí mo gbà nìyí, ohun tí ilé jẹ nìyí, ohun tí ọ̀nà jẹ nìyí, ohun tí ó kù nìyí. Ìyá rẹ tí ń kọ́ ìwé yóò kà á fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì rí i pé 10,000 ni ó kù, tí o sì fi 3,000 ránṣẹ́, yóò mọ̀ pé o ṣe ọmọ. Bí kò bá rí ìwé yẹn, 3,000 yóò jọ èébú lójú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń gbèrò láti ta ilẹ̀ kí ọmọ lè lọ sí òkè òkun, ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ má ṣe béèrè iye tí wọn yóò san fún un nìkan. Ẹ béèrè ohun tí iye náà ń rà níbi tí yóò ti ná an.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Ẹ kọ ohun márùn-ún tí ẹ̀ ń rà lọ́sẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ kọ iye rẹ̀ ní ìlú yín àti iye rẹ̀ ní Kùtọnù tàbí Lomé. Ẹ ro ó pọ̀. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀?

2. Nínú ohun tí ẹ̀ ń lò nílé, èwo ni ó ń ti òkè òkun wá? Èwo ni yóò gbówó lórí bí wọ́n bá tún bu agbára owó wa kù?

3. Ǹjẹ́ ó yẹ kí òṣìṣẹ́ méjì tí ń ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìlú méjì gba iye kan náà? Kí ẹni kan sọ pé ó yẹ, kí ẹlòmíràn sọ pé kò yẹ, kí ẹ gbọ́ ẹnu àwọn méjèèjì.

Ó dìgbà kan ná. Kí oko so, kí ọjà tà, kí gègé má gbẹ.